Ọjọ́ kẹta pẹ̀lú píìnì kan

Sátidé, alẹ́.

Kò jáde. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí ìròyìn ayọ̀. Píìnì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí lọ́dún 1972, ó sì jọ pé ibẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Datsun 240Z ni ọkọ̀ tí mò ń tún ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní Fairlady Z ní Japan. Ìparí ọdún 1969 ni Nissan gbé e jáde. Ẹnu ọ̀nà méjì, ìjókòó méjì, sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ iléèwé, ẹ́ńjìnì 2393 cc, kábúrétọ̀ méjì, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gùn débi pé tí o bá jókòó nídìí ọkọ̀, o kò rí ibi tó parí sí. Yutaka Katayama, ẹni tó ń darí iṣẹ́ Nissan ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kò gbà kí wọ́n fi orúkọ Fairlady ta irú ọkọ̀ asáré bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà àti lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi rọ́pò rẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ọdún 2015 ni bàbá náà kú, ó ti pé ẹni ọdún 105. Mo máa ń rántí ọjọ́ orí rẹ̀ yẹn nígbà tí mo bá dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, torí ó dà bíi pé iye tí èmi náà máa nílò nìyẹn kí iṣẹ́ yìí tó parí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé píìnì náà. Lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, apá irin kan wà tó na láti ara ọkọ̀ lọ bá ilé irin tí táyà so mọ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni píìnì yìí ti là wọ́n kọjá. Ó wọ búṣì rọ́bà kan, ó gba inú ilé irin náà já, ó tún wọ búṣì kejì, nọ́ọ̀tì sì wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Píìnì kékeré kan tó rí ṣóńṣó wá dábùú rẹ̀ láàárín, kí ó má baà máa yí. Nínú ìwé àtúnṣe, ìlà mẹ́ta péré ni iṣẹ́ yìí gbà. Tú nọ́ọ̀tì, yọ píìnì kékeré, ti píìnì ńlá jáde. Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ọkọ̀ tí òjò kò tíì pa rí ló wà níwájú rẹ̀.

Èyí tó wà níwájú tèmi, omi ti ń yọ́ wọ àárín irin méjì fún ohun tó lé ní 50 ọdún. Ìpáàrà sì máa ń wú ju irin tó jẹ lọ. Ààyè tó wà láàárín píìnì àti ihò rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, bóyá ni fọ́nrán irun kan lè gba ibẹ̀. Ibẹ̀ ti kún dẹ́nu báyìí.

Ti ọ̀tún ló tàn mí jẹ. Ọjọ́bọ̀ ni mo yọ ọ́. Mo ti da epo tí ń wọnú ìpáàrà sí i láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fò jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lórúnkún. Mo dìde, mo ń fi í ya fọ́tò. Mo rò pé mo ti di ọ̀gá.

Láàárọ̀ yìí ni mo wá gbé òòlù tó tóbi jù. Mo dá nọ́ọ̀tì padà sí orí píìnì kí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí gùn, má baà bàjẹ́, mo ní mo gbọ́n. Gbá, gbá, gbá. Ẹni tó bá ti gbá irin rí mọ̀ pé irin máa ń fèsì. Tó bá fẹ́ rìn, ìró rẹ̀ máa ń tinú jáde, ó máa ń dún bọ̀lọ̀. Tí kò bá fẹ́ rìn, á máa dún kín-ín, kín-ín, òòlù á sì máa ta padà sí ọ lọ́wọ́. Kín-ín ló ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ń gbá a lọ. Nígbà tó yá, ìró náà yí padà, inú mi dùn, mo ní ó ti gbà.

Kò gbà o. Nọ́ọ̀tì ló ti já wọlé. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, orí píìnì ti fẹ̀ bí orí èèkàn tí wọ́n ti ń gbá láti àná, mẹ́ta nínú tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyẹn ni pé bí ó bá tiẹ̀ yí ọkàn padà pé òun fẹ́ jáde, orí tó ti fẹ̀ yìí kò ní gba inú ihò kọjá. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi há a mọ́lé.

Gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi náà gbọ́ ọ. Mi ò mọ ibi tó sá lọ nígbà tí òòlù wà lọ́wọ́ mi.

Mo pe ọ̀gá mi kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Píìnì yẹn ni sà…”

“O ti fi òòlù kàn án?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Èwo nínú òòlù?”

Mo dákẹ́.

“Kúrò nídìí ẹ̀. Ìwọ wá nǹkan míì ṣe tí kò ní bí ẹ nínú. Tó bá dalẹ́, kí o pè mí.”

Mo bá lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ìdí ọkọ̀ tilẹ̀ wà lókè lórí ìdúró, ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì ti ń bá a fa wàhálà kan láti bí oṣù méjì: tí kò bá rìn, tó kàn dúró lásán, ó máa ń gbọ̀n. Ó máa ń dún bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín. Kábúrétọ̀ ẹ̀yìn ni mo dá lẹ́bi. Kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún sílíńdà mẹ́ta lépo, ti ẹ̀yìn ló ni 4, 5 àti 6, ibẹ̀ sì ni ìgbọ̀nrìrì náà ti ń wá. Mo ti tú u lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fọ̀ ọ́. Mo ti bu ọ́ìlì sí ìkòkò kékeré tó wà lórí rẹ̀ (tí ibẹ̀ bá gbẹ, tí o bá tẹná lójijì, ọkọ̀ á kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó lọ). Mo ti yí síkúrù rẹ̀ sọ́tùn-ún, mo ti yí i sósì, débi pé mi ò mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ohun tí mi ò ṣe ni tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wíwọn àlàfo àwọn fáàfù ẹ́ńjìnì. Kò sí ìdí kan pàtó, ó kàn sú mi láti tú ìdérí rẹ̀ ni.

Mo ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì gbayawu, mo tan ẹ́ńjìnì títí ó fi gbóná dáadáa, mo pa á, mo tú ìdérí. Fáàfù méjìlá. Tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, àwọn mẹ́fà tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní àlàfo 0.25 mm, àwọn mẹ́fà tó ń tú èéfín jáde 0.30 mm. Iṣẹ́ tó dùn nìyí, ẹ gbà mí gbọ́. O máa yí ẹ́ńjìnì títí ihò tí o fẹ́ wọ̀n á fi ṣí, o máa ti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n bọ àárín, o sì máa rọra fà á. Tó bá pé, á máa fà díẹ̀ bíi bébà tí ìwé ńlá kan jókòó lé. Tó bá há, kò ní wọlé rárá. Ojú kò wúlò níbẹ̀, ìka nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀kan, ó dáa. Èkejì, ó dáa. Mo dé fáàfù èéfín sílíńdà karùn-ún, 0.30 kò wọlé. 0.25 kò wọlé. 0.20, rárá. 0.10 ló fi tipátipá wọlé.

Mo jókòó sílẹ̀. Fáàfù tó há báyẹn kì í padé dáadáa, kì í sì í jókòó pẹ́ tó kí ooru ara rẹ̀ lè bọ́ sára orí ẹ́ńjìnì. Tí mo bá fi wà á lọ bẹ́ẹ̀, á jó. Oṣù méjì ni mo fi ń dá kábúrétọ̀ tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ lẹ́jọ́, nígbà tí ẹni tó jẹ̀bi jókòó sábẹ́ ìdérí tí bóòtì rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ.

Mo fi sípánà méjì tún un ṣe, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ṣe àwọn tó kù, mo pa á dé. Lẹ́yìn náà ni mo tó padà sí kábúrétọ̀, láti tún ohun tí ọwọ́ ara mi ti bàjẹ́ ṣe. Mo ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n họ́ọ̀sì ni mo fẹ́ràn: ojú kan sí etí, ojú kejì sí ẹnu kábúrétọ̀. Ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹni tó ń fa afẹ́fẹ́ gba àárín eyín. Ẹ gbé e lọ sí èkejì. Ìró méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ó gbà mí tó ogún ìṣẹ́jú, ẹ́ńjìnì náà sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó wá ń kùn bí ọmọ tó jẹun yó. Mo gbé ife omi lé e lórí. Omi náà ń mì, ṣùgbọ́n kò dà.

Àwọn kan á ti yọ kábúrétọ̀ yẹn sọnù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á fi kábúrétọ̀ Weber mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Mi ò bá wọn jà, ó ń dún dáadáa. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló kọ́kọ́ wo tápẹ́ẹ̀tì?

Inú mi ìbá dùn wọ alẹ́ bí kò bá sí ìwé kan.

Inú àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó èrò ni mo ti bá a nígbà tí mo ra ọkọ̀ náà, ìwé pélébé tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ń kọ nǹkan sí. Ó kọ ọ́ dáadáa: ọjọ́, iye tí ọkọ̀ ti rìn, ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì, àlàfo tápẹ́ẹ̀tì. Ó dúró ní 1981. Ẹlòmíràn ló rà á lẹ́yìn náà, kò sì kọ ohunkóhun. Ara ọkọ̀ ni ó kọ tirẹ̀ sí. Ásíìdì bátìrì ti jẹ irin abẹ́ rẹ̀ dé ilẹ̀, pọ́tì ló fi bò ó. Ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ti lu, ìwé ìròyìn ló ká róbótó kì bọ inú ihò náà, ó yọ́ ọ̀dà lé e, ó sì kun ún. Mágnẹ́ẹ̀tì ni mo fi mọ̀: mo ń fà á káàkiri, ó ń lẹ̀, ó ń lẹ̀, ó dé ibẹ̀, ó jábọ́. Odindi oṣù mẹ́rin ni mo fi gé ibẹ̀ tí mo sì jó irin tuntun mọ́ ọn, kò sì sí ọjọ́ kan tí mi ò bú ẹni náà.

Ká má parọ́, iṣẹ́ yìí le fún ẹni tó ní owó pàápàá. Nissan fúnra rẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ lápá ìparí àwọn ọdún 1990 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ra 240Z àtijọ́ jọ, wọ́n ń tún wọn ṣe bí ẹni ṣe tuntun láti tà. Iye tí wọ́n parí kò pé 40 tí wọ́n fi jáwọ́.

Ìrọ̀lẹ́ yìí, mo tún tan tọ́ọ̀ṣì sí orí píìnì yẹn. Ojú òòlù wà lára rẹ̀ gbágbá, ó ń dán. Ẹni tó bá ṣí ibẹ̀ lẹ́yìn mi, tó bá rí i, kí ló máa sọ? Mo mọ ohun tó máa sọ, torí mo ti sọ ọ́ fún oṣù mẹ́rin. Bóyá ẹni oníwèé-ìròyìn náà ní iṣẹ́ tó ń dúró dè é lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mi ò dárí jì í o. Ṣùgbọ́n lónìí, mi ò bú u.

Mo pe ọ̀gá mi padà. Wọ́n ní kí n fi fáìlì ha orí tó fẹ̀ náà títí á fi tó ihò, kí n má ṣe ti píìnì náà mọ́, kí n máa fà á: páìpù kan tó lè gba píìnì wọnú, wáṣà tó nípọn, nọ́ọ̀tì gígùn, kí n máa yí i díẹ̀díẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì tó kù dáa ní òdìkejì lèyí máa di mú. Bí ìyẹn bá kọ̀, kí n gé píìnì náà ní ẹ̀gbẹ́ ilé irin méjèèjì, kí n sì gbé ilé irin náà lọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀. “Kò sí píìnì tó ju ẹ̀rọ ìtẹ̀ lọ,” wọ́n ní, “ìwọ lo rò pé o ju píìnì lọ.”

Mo ha á fún wákàtí kan. Mo da epo sí i. Mo gbé òòlù ńlá lọ sínú ilé, sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, níbi tí mo ti gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà kí n tó lè mú un.

Fóònù ni mo ti ń kọ ohun tí mo bá ṣe sí ọkọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan ìwé pélébé yẹn rí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ti onílé ni. Lálẹ́ yìí, mo wá bírò. Lábẹ́ púlọ́ọ̀gì ọdún 1981, mo kọ ọjọ́ òní, mo sì kọ ọ́ pé: Fáàfù èéfín 5 há sí 0.10, mo ti dá a padà sí 0.30. Píìnì ẹ̀yìn òsì: mo fi òòlù ba orí rẹ̀ jẹ́. Èmi ni.