Owó Pupil Premium: orí fọ́ọ̀mù ló ti ń bàjẹ́

Ohun tí mo kọ́ nídìí owó yìí ni pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti pàdánù rẹ̀ kí wọ́n tó ronú ohun tí wọn yóò fi ṣe. Láti 2011 ni ìjọba ti ń san Pupil Premium fún àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí àwọn ọmọ tí ọwọ́ òbí wọn kò tó ẹnu. Lọ́dún ìnáwó 2025 sí 2026, £1,515 ni lórí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, £1,075 lórí ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Ọmọ tó bá ti lẹ́tọ̀ọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́ nítorí pé owó tó ń wọlé fún òbí rẹ̀ kéré, nígbàkigbà láàárín ọdún 6 sẹ́yìn ni wọ́n ń kà.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gbogbo ọmọ Reception dé Year 2 (ọmọ ọdún 4 sí 7) ló ń jẹun ọ̀fẹ́ láti 2014, ì báà jẹ́ ọmọ olówó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti September 2023, ó ti kan gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ìjọba. Òbí á ní, "Ọmọ mi kúkú ń jẹun, fọ́ọ̀mù kí ni mo tún ń kọ?" Oúnjẹ tí gbogbo ayé ń jẹ kì í mú kọ́bọ̀ Pupil Premium wọlé, orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù tí òbí fi ń bèèrè oúnjẹ ọ̀fẹ́ nítorí àìtó owó ló ń mú un wá. Kí ọ́fíìsì fún òbí ní fọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ tó bá mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì parí rẹ̀ ṣáájú kíkà October, ìgbà tí ìjọba ń ka àwọn ọmọ ilé-ìwé. Àwọn ènìyàn wa tí físà wọn ní kí wọ́n má gba owó ìjọba náà lè bèèrè, bí owó tó ń wọlé fún wọn kò bá kọjá iye tí òfin sọ. Mo mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà wọ́n, ṣùgbọ́n oúnjẹ ilé-ìwé kò sí lára ohun tí físà kọ̀.

Ní ti ìnáwó, ẹ kọ́kọ́ wo kíláàsì. Ọmọ Year 3 tó rí "rain" tó pè é ní "ran", ìró "ai" ló ń dà á láàmú. Tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè wò ó sàn. Ẹ kó ọmọ 3 tàbí 4 tí ìṣòro wọn bára mu jọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10, kí ẹ sì dán wọn wò níbẹ̀rẹ̀ àti níparí. Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni yíyọ ọmọ kúrò nínú ìṣirò láti lọ kàwé: gbèsè kan lẹ fi ń san òmíràn. Bákan náà ni fífi olùrànlọ́wọ́ jókòó ti ọmọ láti àárọ̀ dalẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ ohùn olùkọ́ rẹ̀ mọ́.

Yunifọ́ọ̀mù, oúnjẹ àárọ̀, owó ọkọ̀, ó dára bí àìwá sílé-ìwé bá ni ìṣòro.

Ní December 31 lọ́dọọdún, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ti gbé ètò ìnáwó yìí sórí wẹ́ẹ̀bù rẹ̀. Ẹ kà á. Bí ẹ bá rí nǹkan 20 níbẹ̀, ẹ bi wọ́n pé èwo ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́dún tó kọjá, àti nítorí kí ni.