Òdòdó pupa láyà, lẹ́tà ìyá nínú àpò

Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa Harry Burn: òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin aṣòfin tí ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí, tí ó sì torí lẹ́tà náà dìbò kí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà lè ní ẹ̀tọ́ láti máa dìbò. Ìtàn náà dùn, pàápàá létí àwa tí a máa ń sọ pé ìyá ni wúrà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á síwájú sí i ni ó túbọ̀ ń yé mi pé ìtàn aṣòfin ìgbèríko ni, ìtàn ẹni tí ó ní láti mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn tí ń pariwo ní ẹkùn ìdìbò rẹ̀ àti àwọn tí kò tilẹ̀ ní ohùn níbẹ̀ rárá.

Oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni wọ́n bí i ní Niota, ìlú kékeré kan ní McMinn County, ní apá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Tennessee. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ibùdó rélùwéè ìlú náà, òun náà sì wọṣẹ́ rélùwéè ní 1913. Ní 1918, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún 23, àwọn ará McMinn dìbò yàn án sí ilé aṣojú-ṣòfin ìpínlẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican. Òun ni ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù nínú ilé náà. Kò torí ipò yìí fi iṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀. Ó di 1923, ọdún tí ó gba ìwé ẹ̀rí agbẹjọ́rò, kí ó tó kúrò níbẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1920, ìpínlẹ̀ 35 ti fọwọ́ sí Àtúnṣe 19 sí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí yóò fún àwọn obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, 36 nínú 48 ni òfin sì ń béèrè. Gómìnà Albert Roberts pe àwọn aṣòfin Tennessee sí àkànṣe ìjókòó ní Nashville ní oṣù kẹjọ, ìlú sì kún fọ́fọ́ fún àwọn tí wọ́n wá bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n wá halẹ̀, tí wọ́n sì wá ka iye ìbò. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí obìnrin dìbò ń pín òdòdó róòsì aláwọ̀ ìyeyè, àwọn tí kò fẹ́ ń pín pupa. Ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbá náà ní ọjọ́ 13 pẹ̀lú ìbò 25 sí 4, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Herschel Candler, aṣòfin àgbà tí ó wá láti agbègbè Burn, tí Burn sì ń wò bí ọ̀gá nínú òṣèlú, sọ̀rọ̀ kíkorò takò ó. Láti ilé ni tẹligíráàmù ti ń wọlé pé àwọn ará McMinn kò fẹ́ ẹ, ìdìbò mìíràn sì ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá. Ẹni tí kò bá tíì du ipò rí ni yóò rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 18, òdòdó pupa ni Burn fi há àyà aṣọ rẹ̀. Seth Walker, abẹnugan ilé, dábàá pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Burn fara mọ́ ọn. Ìbò náà já sí 48 sí 48, nítorí pé Banks Turner láti Gibson County kọ̀ láti bá abẹnugan lọ. Wọ́n tún un dì, Burn tún fara mọ́ gbígbé e tì, ó sì tún já sí 48 sí 48. Nítorí pé ìbò dọ́gba, àbá pé kí wọ́n gbé e tì ṣubú. Èmi kò rí ojo nínú èyí. Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà tì, kò ní pọn dandan kí òun yan ẹnikẹ́ni ní ọ̀tá kí ìdìbò oṣù kọkànlá tó dé. Èmi náà ì bá gbìyànjú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó kù síbì kan: ìbò lórí àbá náà gan-an. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ní ìtòtẹ̀léra álífábẹ́ẹ̀tì, B kì í sì í pẹ́ dé. Burn dáhùn pé òun gbà, ó sì yára tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé ti pe orúkọ tó kàn kí ọ̀pọ̀ nínú ilé tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe Turner, ó dákẹ́. Ó di ìparí kí ó tó ní kí wọ́n kọ òun mọ́ àwọn tó gbà. Ó di 49 sí 47.

Lẹ́tà Febb Burn, olójú ewé méje, wà nínú àpò ọmọ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Ó sọ fún un pé kí ó dìbò fún àwọn obìnrin, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣe iyèméjì nípa rẹ̀. Ó ní òun ti kà nípa ọ̀rọ̀ Candler, pé ó korò gan-an, àti pé òun ti ń wò kí òun mọ ibi tí ọmọ òun dúró sí, òun kò tíì rí nǹkan kan. Lójú tèmi, gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló gún ọmọ náà lára jù. Opó ni Febb, òun ló ń bójú tó oko lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ó sì ń ka ìwé ìròyìn. Síbẹ̀ àwọn ọkùnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́ oko lè dìbò, òun kò lè dì. Ara ẹkùn ìdìbò Burn ni òun náà jẹ́.

Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti gba rìbá. Ní ọjọ́ kejì, Burn fi àlàyé tirẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ilé. Ó ní òun gbà pé ẹ̀tọ́ ni ìbò jẹ́, ó ní ìmọ̀ràn ìyá ni ó dára jù kí ọmọ tẹ̀lé, ó sì sọ̀rọ̀ nípa mílíọ̀nù 17 obìnrin tí òun láǹfààní láti dá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ òun lè sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ Republican láti orí òkè ìlà-oòrùn Tennessee ló ṣe é. Ìdí yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé olóṣèlú gidi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ó padà wọlé ní oṣù kọkànlá, díẹ̀ ló sì fi borí. Ó díje fún ipò gómìnà ní 1930, kò bọ́ sí i. Ó di aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ láti 1949 sí 1953, ó sì jẹ́ ààrẹ báǹkì kan ní Rockwood, kí ó tó kú ní Niota ní 1977. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń rántí pé ó wà lára àwọn aṣojú tí wọ́n jókòó ní 1953 láti tún ìwé òfin Tennessee ṣe, ìjókòó tí ó dábàá pé kí wọ́n yọ owó-orí ìdìbò kúrò nínú rẹ̀, owó tí ó ti pẹ́ tí wọ́n fi ń lé tálákà àti aláwọ̀ dúdú kúrò nídìí àpótí ìbò. Ìyá rẹ̀ ti kú ní 1945. Kò sí lẹ́tà nínú àpò rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.