Igi Tí Kò So Ohun Jíjẹ

Ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Bàbá akọ̀pẹ tí wọ́n máa ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ni wọ́n gbójú sókè, tí wọ́n rí mi lórí igi ọ̀gànwó, tí wọ́n sì bi ọmọ tó tẹ̀ lé wọn pé, "Igi tí kò so ohun jíjẹ, kí ni wọ́n ń gùn ún ṣe?" Wọn kò fi bú mi o, ohùn ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni.

Igbà tiwọn a máa yí ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn wọn ká, wọn a sì máa jù ú sókè bí ẹsẹ̀ wọn ti ń tẹ ara igi. Èmi kì í fẹsẹ̀ kan ara igi: aṣọ náílọ́ọ̀nù gígùn tí mo fi kọ́ ẹ̀ka ni mo ń wé mọ́ ẹsẹ̀ kan, tí mo ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ kejì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi há, kí n tó nàró kí ọwọ́ mi mú òkè sí i. Aṣọ tí mo ń dùbúlẹ̀ sí lókè, mo so ó kó rọ̀ dáadáa. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá dagun ní ìwọ̀n 30 dìgírì, ohun tí ìdè kọ̀ọ̀kan ń gbà tó ìwọ̀n ara mi. Bí mo bá fà á le gbọnrangandan, yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.



Kí ni mo ń gùn ún ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọdún tó kọjá mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni, yàrá mi nílẹ̀kùn. Bóyá gígùn náà gan-an ni mo fẹ́, tàbí kí ara mi gbà pé òun ṣì lágbára… N kò mọ̀. Ó sì ń bí mi nínú pé mo ní láti wá ìdí fún ohun tó ń dùn mọ́ mi!

Kí wọ́n tó lọ, mo rí bàbá tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ibì kan lára igbà wọn, tí wọ́n tún padà tẹ ibẹ̀ wò. Ohun tí mo ń ṣe sí aṣọ mi nìyẹn, nítorí oòrùn a máa jẹ náílọ́ọ̀nù láìhàn sójú. Bí wọ́n bá tún gba ẹ̀yìn ilé, màá sọ̀ kalẹ̀ kí wọn, màá sì bèèrè bóyá wọn kò dúró lórí ọ̀pẹ rí lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ẹyìn tán. Mo sì fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kan igbà yẹn.