Ohùn Ìyá Òjé

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí n jẹ́ kí wọ́n pa ohùn Ìyá rẹ́.

Àbúrò ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Òjé nilé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì dákẹ́ sí nínú ọyẹ́ tó kọjá. Ọdún méjì ni mo fi ń gba ohùn wọn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan, fáìlì kan. "Isu." "Asọ." "Isẹ́." Bí àwa ará Ìbàdàn ṣe ń pè é gan-an nìyẹn. Fáìlì 12,400 ni gbogbo ẹ̀, kéékèèké, bíi 11 KB lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo dà wọ́n sórí fíláàṣì 64 GB tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Queen Cinema, kí n lè fún àbúrò mi ní Akóbọ̀. Lórí láptọ̀ọ̀pù mi, 133 MB ni fódà náà. Àmọ́ nígbà tí mo wo fíláàṣì, ààyè tó ti gbà níbẹ̀ lé ní 1.5 GB. Ó ju ìlọ́po mọ́kànlá lọ! Àyà mi já.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó wò ó fìrí. "Àǹtí, fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́, ó ti ń bímọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀, ká fọ́máàtì láptọ̀ọ̀pù yín náà." Fọ́máàtì yóò nu gbogbo ẹ̀ kúrò, mi ò sì ní ẹ̀dà mìíràn níbì kankan. Mo ní kó jẹ́ kí n sùn lé e ná.

Lálẹ́, mo tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí fódà tó wà nínú fíláàṣì, mo yan Properties. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀ tí mi ò fojú sí rí. "Size" ní 133 MB. "Size on disk" ní 1.51 GB. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti láptọ̀ọ̀pù: 133 MB, lẹ́yìn náà 157 MB. Iye báìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Size" bára mu rẹ́gí: 139,684,212. Fáìlì náà pé 12,400. Kò sóhun tó bímọ.

Ẹ wo ibi tí fáìlì ń gbé, láptọ̀ọ̀pù tàbí fíláàṣì, bí ilé tí wọ́n ń yọ yàrá rẹ̀ háyà. Fáìlì kì í bá fáìlì gbé yàrá kan náà. Yàrá láptọ̀ọ̀pù mi ò ju 4 KB lọ, nítorí NTFS, ọ̀kan lára ìlànà tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí dísìkì, ló ń lò. Ìlànà mìíràn, exFAT, ni fíláàṣì mi ń lò, 128 KB sì ni Windows máa ń fi ṣe yàrá kan fún èyí tó bá ju 32 GB lọ. "Isu" tí kò ju 11 KB wá ń dá sùn nínú gbọ̀ngàn. Ẹ sọ 128 KB di ọ̀nà 12,400, ẹ ó bá 1.51 GB náà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ fíìmù kan ṣoṣo ni mo dà síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà ì bá má hàn.

Mo wá di gbogbo ẹ̀ sínú zip kan, ó di fáìlì ńlá kan, wàhálà yàrá sì tán.

Àbúrò mi tú u sórí kọ̀ǹpútà Mac ẹ̀, ló bá pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, 139.7 MB ni mo rí o." Ìyẹn ò já mi láyà mọ́. Láti 2009 ni Mac ti ń ka 1,000 báìtì sí KB kan, 1,024 ni Windows ṣì ń lò. (Òun náà ló fà á tí dísìkì 500 GB fi ń jẹ́ 465 lójú Windows.) Mo ní kó ka báìtì fún mi. Ó kà á ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, títí tó fi kan 212.

Mo ti kọ nọ́ńbà méjèèjì, 12,400 àti 139,684,212, sára bébà pélébé, mo sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fíláàṣì náà.