Ọ̀já Ìlẹ̀kùn Ọkọ̀ Mi

Àkúrẹ́, ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ike pẹlẹbẹ gígùn tí ó wà lára ìlẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ mi, ní ẹ̀gbẹ́ tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí, ti ń ṣí láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Bí mo bá ti sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà Ìdànrè báyìí, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ rẹ̀, á sì máa lù pàpàpà mọ́ irin títí a ó fi délé. Àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń pè é ní mólídìn. Ọ̀já ni èmi ń pè é, nítorí pé ó gba ìbàdí ìlẹ̀kùn kọjá bí ọ̀já ti í gba ẹ̀yìn ọmọ tí a pọ̀n. Ẹni tí ó bá ti wá àyè ọkọ̀ sí ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba rí yóò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe: bí ẹnìkan bá ṣí ìlẹ̀kùn tirẹ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́, ọ̀já yìí ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a, tí ọ̀dà kò fi ní í họ, tí irin kò sì ní í tẹ̀ wọnú.

Kí n má purọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi ba nǹkan jẹ́. Ní oṣù Bélú tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo ṣí, mo ra súpà gúlù, mo kán an sí i ní ìrọ̀lẹ́ láìnu eruku abẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo sì bá tèmi lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò. Irin àti ike kì í fẹ̀ bákan náà bí oòrùn bá pa wọ́n, ike a máa fẹ̀ ju irin lọ. Gọ́ọ̀mù tí ó bá sì gan bí ìgò láàárín àwọn méjèèjì kò lè bá wọn nà, ńṣe ni yóò là. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fi ń lo téèpù olójú méjì tí fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, irú èyí tí iléeṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1980. Fóòmù náà kò nípọn ju bíi mílímítà kan lọ, ṣùgbọ́n ó ń nà, ó sì ń sún kì, bí irin àti ike ti ń ṣe.

Mo jáde ní agogo méje òwúrọ̀ òní. Ọyẹ́ mú, eruku bo ọkọ̀, ìlẹ̀kùn sì tutù bí omi àmù. Téèpù yìí kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ irin tútù. Láàárín ìwọ̀n 21 sí 38 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni ó ti ń ṣe dáadáa jù. Nítorí náà mo fi ìdúró oòrùn ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó, èyí tí ó gbà mí ní àkókò ju gbogbo ìyókù lọ. Ibi tí ọ̀já náà ṣì ti lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi okùn ìwọ̀ ìpẹja gé, tí mo ń fà á síwá fà á sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ta ẹyin bíbọ̀ ti ń fi òwú gé ẹyin. Fóòmù àtijọ́ gbọ́ràn sí kẹrosíìnì. Súpà gúlù kọ̀ jálẹ̀. Ìyá Tolú, aládùúgbò wa, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, “Bàbá Dámilọ́lá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé kí n mú omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ wá fún yín?” Mo ní, “Ẹ ṣeun mà. Yóò jẹ ẹ́ kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò jẹ ọ̀dà ọkọ̀ mọ́ ọn.” Omi gbígbóná, aṣọ, àti káàdì báńkì tí ó ti kú ni mo fi ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, títí ìka mi fi bó.

Lẹ́yìn náà ni omi ọṣẹ, kí spírítì tó tẹ̀ lé e níkẹyìn, nítorí pé kẹrosíìnì a máa fi ọ̀rá sílẹ̀, ìka ènìyàn pàápàá a sì máa fi ọ̀rá sílẹ̀. Láti ìgbà náà n kò fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́.

Kílíìpù méjì ló wà lẹ́yìn ọ̀já náà, ọ̀kan ti ṣẹ́. Mo ti ra òmíràn ní ₦400 ní ọ̀nà Ondo lánàá, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó fẹ́ kí n ra mẹ́rin tipátipá. Ihò tí kílíìpù ń wọ̀ kò ṣe é fi sílẹ̀ lásán. Omi òjò yóò gba ibẹ̀ wọnú ìlẹ̀kùn, ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó tó agogo mẹ́wàá tí irin ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, mo na òwú láti ara ọ̀já ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn dé iwájú, mo sì lẹ téèpù oníbébà sábẹ́ rẹ̀ kí ó jẹ́ ìlà tí n óò tẹ̀ lé. Mo rìn sẹ́yìn wò ó ní ìgbà mẹ́ta, nítorí pé téèpù olójú méjì kì í gba àbámọ̀: bí ó bá ti kan irin lódì, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò bàjẹ́. Nígbà tí mo ti lẹ ojú kan rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀já náà, n kò bó gbogbo náílọ́ọ̀nù pupa tí ó bo ojú kejì tán. Etí rẹ̀ ni mo ṣẹ́ síta, mo ki kílíìpù bọ ihò, mo rí i pé ó tọ́, kí n tó fa náílọ́ọ̀nù náà jáde díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kankan láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Láàárín ogún ìṣẹ́jú, téèpù náà ti ní nǹkan bí ìdajì agbára ìlẹ̀mọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 24, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ó di wákàtí 72 kí ó tó pé. Mo ti kìlọ̀ fún ọmọkùnrin tí ń bá wa fọ ọkọ̀ pé kí ó má da omi sí i títí di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo tún fi téèpù oníbébà gba orí ọ̀já náà kọjá ní ibi mẹ́rin kí ó bá mi dì í mú.

Ìyàwó mi wò ó ní ìrọ̀lẹ́, ó ní ṣé ọkọ̀ tí a di ọgbẹ́ rẹ̀ yìí ni a óò gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó sì jọ̀ọ́ rọra ti ìlẹ̀kùn.