Yangí tiwa, caliche tiwọn

Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga tàbí ṣáláńgá ní Ṣágámù mọ yangí. Iyẹ̀pẹ̀ pupa á máa wá wẹ́rẹ́, àfi gbì! Dígà ti kọlu nǹkan. Àwọn agbẹ́kàǹga á dúró, wọ́n á nu òógùn, wọ́n á ní kí onílé wá fojú ara rẹ̀ rí i, torí owó ti fẹ́ yí padà. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń wa tírélà ní ìwọ̀-oòrùn Texas ní irú ẹ̀ wà lọ́hùn-ún náà, àmọ́ funfun ni tiwọn. Caliche ni wọ́n ń pè é. Àwọn elépo rọ̀bì ń wà á, wọ́n ń dà á sójú ọ̀nà tó lọ síbi kànga epo wọn, bí àwa náà ṣe ń da yangí sójú títì kí ọ̀dà tó dé (bí ọ̀dà yóò bá dé).

Tíṣà àgíríkì ni mí. Ẹ ò lè bá mi sọ̀rọ̀ ilẹ̀ kí n má bèèrè ohun tó wà lókè rẹ̀ àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó lọ síbi tí wọ́n ti la òkè kan kọjá, kó ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún mi. Fọ́tò náà dé. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ojú ilẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ búráùn tó ti ṣá wà láàárín wọn. Kò jìn rárá. Ibòmíràn ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni pẹpẹ funfun wà, líle, ó nà láti igun fọ́tò kan dé èkejì. Igi kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní creosote bush ló pọ̀ jù lórí ilẹ̀ náà, ewé rẹ̀ kéékèèké, ó ń dán. Koríko wà, ṣùgbọ́n ó jìnnà síra wọn. Abájọ tí màlúù kan ṣoṣo fi ń gba ọ̀pọ̀ éékà níbẹ̀ kó tó yó.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní òṣùwọ̀n tiwọn fún òkúta wẹ́wẹ́: ohun tó bá ju milimita 2 lọ, tí kò ju 75. Bó bá gba ìdá 15 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún àyè inú ilẹ̀, wọ́n á pe ilẹ̀ náà ní olókùúta wẹ́wẹ́. Òmíràn wà tó kọjá 60, ìyẹn kúrò ní eré. Òkúta kì í mu omi bí iyẹ̀pẹ̀. Ilẹ̀ tí òkúta bá ti gba ìdajì rẹ̀, ìdajì nìkan ni àgbẹ̀ rà. Síbẹ̀ mi ò ní bú òkúta tán. Èyí tó bo ojú ilẹ̀ kì í jẹ́ kí òjò ńlá fọ iyẹ̀pẹ̀ lọ, kì í sì í jẹ́ kí oòrùn tètè fa omi tó ti wọlé jáde. Níbi tí òjò ọdún kan lè má ju milimita 300 lọ, ohun ńlá nìyẹn. Tiwa ní Rẹ́mọ ń lé ní 1,000 dáadáa.

Nígbà tí àbúrò mi wálé fún Iléyá, ó mú òkúta mélòó kan bọ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. Mo fọ̀ wọ́n. Orí wọn mọ́, ó ń dán; ìdí wọn ni nǹkan funfun lẹ̀ mọ́, ó nípọn díẹ̀, ó rí ṣákaṣàka lọ́wọ́. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìdí ọ̀kan, ó hó ṣùùù. Mo fún un sórí yangí tí mo ṣà lẹ́yìn ilé, kò dáhùn, ńṣe ló mu omi ọsàn náà tán. Mo fún un sára ìkarahun ìgbín, òun náà hó. Calcium carbonate ni ìkarahun, òun náà ló wà ní ìdí òkúta yẹn. Ní yàrá ìdánwò, asídì hydrochloric tí wọ́n ti bu omi là ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ọsàn wẹ́wẹ́ ò wọ́n, kì í sì í jó èèyàn lọ́wọ́.

“Àǹtí, kí ló dé tó fi jẹ́ ìdí nìkan?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Omi òjò máa ń gba carbon dioxide mọ́ra, pàápàá tó bá ti dé àárín gbòǹgbò, ó sì ń di asídì fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń yọ́ nǹkan funfun yìí, ó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí òjò bá ti pọ̀, ó ń gbé e lọ títí dé odò. Níbi tí òjò ò bá tó, omi ò lè dé ibì kankan: gbòǹgbò á fà á mu, ooru á gbẹ ẹ́, ẹrù tó gbé á wá kù sọ́nà. Abẹ́ òkúta ni omi máa ń rọ̀ mọ́ pẹ́ jù, ibẹ̀ ni funfun náà ti ń bẹ̀rẹ̀, bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́túlù. Leland Gile, onímọ̀ ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní aṣálẹ̀ New Mexico kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní 1966. Á kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára òkúta, á nípọn, á wá dí àyè tó wà láàárín òkúta kan sí èkejì pátápátá. Tí omi ò bá ti rí ọ̀nà kọjá mọ́, á máa dúró sórí ibi tó dí yẹn, á máa tẹ́ funfun lé funfun. Ilẹ̀ olókùúta ló máa ń tètè dí, torí àyè inú rẹ̀ ò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni gbogbo ìyẹn ń gbà o.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé kò di dandan kí òkúta ẹfun (limestone) wà nísàlẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní aṣálẹ̀ New Mexico yẹn, eruku inú afẹ́fẹ́ àti òjò ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú calcium náà wá. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ mọ ohun tí eruku lè rù.

Ẹ wá wo Ṣágámù. Òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ wa pọ̀ débi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti ń wà á láti 1978. Inú òkun ló ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Ewékorò ni àwọn onímọ̀ òkúta fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n kí katakata tó kàn án, ó ní láti kó iyanrìn àti amọ̀ tó bò ó kúrò. Inú iyẹ̀pẹ̀ òkè yẹn ni gbáàgúdá àti igi obì wa wà. Mo ki bébà ìdánwò bọ iyẹ̀pẹ̀ oko ilé ẹ̀kọ́ wa, ìhà kíkan ló bọ́ sí. Ọmọ onílẹ̀ kan wà ládùúgbò wa tó máa ń sọ fún àwọn tó ń ra ilẹ̀ oko pé ẹfun ló wà nísàlẹ̀, wọn ò ní náwó lórí ajílẹ̀ láéláé. Á dáa kó bá wọn gbé gbòǹgbò àgbàdo dé ibi tí ẹfun náà wà.

Òjò tó ń fọ calcium lọ níbí, òun náà ló ń fi irin sílẹ̀. Irin kì í tètè yọ́ nínú omi tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ó ń kù sẹ́yìn, ó ń pupa, ó ń le, ó ń di yangí. Tiwa ni ohun tó kù nígbà tí òjò ti fọ ìyókù lọ. Tiwọn ni ohun tí òjò ò lágbára láti gbé lọ. Àwọn méjèèjì sì mọ bí wọ́n ṣe ń ti phosphorus, oúnjẹ irúgbìn kan, mọ́lé: irin ló ń mú un níbí, calcium ló ń mú un lọ́hùn-ún.

Ìyàwó àbúrò mi gbin ewédú sẹ́yìn ilé wọn ní Odessa, ní ìwọ̀-oòrùn Texas yẹn. Ewé tó ń yọ tuntun di yẹ́lò, iṣan ewé nìkan ló tutù. Wọ́n ra ajílẹ̀ oríṣiríṣi, kò gbọ́. Mo sọ fún àbúrò mi lórí fóònù pé ebi irin ló ń pa ewédú náà. Irin wà nínú ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó; 7 ni àárín) wà ní nǹkan bí 8 kì í yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbòǹgbò. Àwọn tó ń gbin pecan, igi eléso kan, lágbègbè yẹn náà, ara ewé ni wọ́n ń fín zinc, oúnjẹ irúgbìn mìíràn, sí, torí tí wọ́n bá dà á sílẹ̀, ilẹ̀ á gbé e mì. “Ẹ ra iyẹ̀pẹ̀ alápò, ẹ kó o sínú dọ́rọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ti lu nídìí, kẹ́ ẹ gbin ín síbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ilẹ̀ yẹn náà lẹ fẹ́, irin EDDHA, èyí tí wọ́n fi nǹkan dè kí ilẹ̀ má bàa gbé e mì, ni kẹ́ ẹ bèèrè, kì í ṣe iron sulphate lásán. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eérú sí i. Eérú tí Màámi ń wọ́n sí ìdí ẹ̀fọ́, ilẹ̀ tó kan ló ń tún ṣe. Tiyín ò kan.”

Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Àǹtí, eérú ibi tá a ti sun ẹran ní Sátidé ńkọ́? Ìyàwó mi ti dà á sí i.”