Kí ẹ tó gbé dísíìkì sí Land Rover àtijọ́

Ẹni tó bá ń wa Land Rover Series III, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1971 sí 1985, mọ̀ pé dúróòmù, ìyẹn irin rìbìtì oníhò tí láínìn máa ń tẹ̀ láti inú kó lè dúró, ni bíréèkì ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó ẹrù sí i, tí ẹ wá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, bí dúróòmù bá ti gbóná, ẹ lè tẹ bíréèkì tagbáratagbára kí ọkọ̀ ṣì máa lọ. Tó bá jẹ́ inú odò lẹ ti ń jáde, omi á wà nínú dúróòmù, láínìn á máa yọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n gbé dísíìkì, ìyẹn àwo irin tí páàdì máa ń fún láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, sí iwájú tèmi nìyẹn.

Mo fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ ń rọ́ lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ Land Rover fúnra wọn ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ One Ten jáde ní 1983.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù tí mo kọ́ ni pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ yìí ti le, kì í ṣe ìdí táyà. Bí dúróòmù bá ń yí, ó máa ń wọ́ láínìn mọ́ra, ìyẹn sì ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Dísíìkì ò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi booster tó dára sí i, èyí tó ń fi kún agbára ẹsẹ̀ awakọ̀.

Ẹ tún yẹ master cylinder wò dáadáa, ìyẹn èyí tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí ìdí táyà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún dúróòmù ló ní fáàfù kékeré kan lẹ́nu ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde, tó máa ń dá agbára díẹ̀ dúró sínú páìpù, nǹkan bíi 10 psi, kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Ó dára fún dúróòmù, àmọ́ bó bá jẹ́ caliper (èyí tó ń fún páàdì mọ́ dísíìkì) ló wà níwájú rẹ̀, páàdì ò ní fi dísíìkì sílẹ̀. Wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan láìyọ fáàfù náà. Kò tíì rìn jìnnà tí ríìmù iwájú fi gbóná débi pé ọwọ́ ò gbà á, ti ẹ̀yìn sì tutù. A fi jáàkì gbé e, táyà ò yí. Nígbà tí a tú bóòtù kékeré tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára caliper, ọ́ìlì ta jáde fìn-ín, táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kí ẹ lọ ra caliper mìíràn.

Caliper tòkunbọ̀ kò burú tí wọ́n bá fi rọ́bà tuntun sí i. Ti họ́ọ̀sì àti páàdì, tuntun ni kí ẹ rà, ẹ jọ̀ọ́. Họ́ọ̀sì tó ti gbó lè dán lóde kó ti wú nínú. Kí ẹ tó sanwó caliper, ẹ gbé ríìmù yín bò ó, kí ẹ fọwọ́ yí i, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń kàn án.

Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 4 ni mo ń lò. Tuntun rẹ̀ kì í hó títí ooru fi dé 230°C ó kéré tán, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra; bí omi bá ti wọ̀ ọ́, 155°C lè mú un hó. Torí náà, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti ṣí. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láéláé, torí yóò wú gbogbo rọ́bà inú rẹ̀.

Bí wọ́n bá parí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì lójú yín, kí ẹ tẹ̀ ba wo họ́ọ̀sì iwájú méjèèjì: kò gbọ́dọ̀ le tantan, kò sì gbọ́dọ̀ kan táyà.